Bàtà Tí A Kò Fi Tẹlẹ̀

Ọkùnrin náà gbé páálí bàtà lé orí káńtà, ó sì yáa mú ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ fẹ́ dá a padà ni?"

"Mo fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ ni."

Ọmọbìnrin tó ń tajà tọ́ka sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: Bàtà tí ẹ bá ti fi tẹlẹ̀, a kì í gbà á padà. Ọkùnrin náà ti kà á lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rán an wá ra bàtà náà fún bàbá wọn.

"Èyí tó dáa jù ni kó o rà," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Bàbá ò wọ irú ẹ̀ rí."

Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ní ọmọbìnrin kan. Wọ́n ti lé e wálé láti ilé ìwé nítorí sálúbàtà tó já, tí wọ́n fi okùn so, wọ́n ní kó má padà láìwọ bàtà gidi. Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí, tó ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ọkùnrin náà ti tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí, ojú ti wá ń tì í láti tún ya ẹnu.

"Ṣé kò bá bàbá tí ẹ ní ẹ ń rà á fún lẹ́sẹ̀ mu ni?"

"Ó bá wọn mu."

"Àbí àwọ̀ ni wọn ò fẹ́?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan."

Ọmọbìnrin tó ń tajà rẹ́rìn-ín. "Há! Àgbà tó ń pariwo sàn ju èyí tó dákẹ́ lọ."

Ó gbé bàtà náà lọ síbi fèrèsé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dán. Ó tẹ iwájú rẹ̀ wò, kò hunjọ rárá. Ó wá ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, nǹkan funfun sì lẹ̀ mọ́ ọn níka.

"Ẹ̀gbọ́n, àtíkè rèé. Wọ́n ti wọ̀ ọ́."

Àwọn oníbàárà tó tò sẹ́yìn na ọrùn wò ó. Òógùn bo imú ọkùnrin náà.

"Wọ́n wọ̀ ọ́. Wọn ò fi tẹlẹ̀."

"Òótọ́?"

"Mo fi ọmọ mi búra."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ búra nítorí bàtà!" Ó nu ìka rẹ̀. "Bàbá yín mà gbáfẹ́ o. Àtíkè lẹ́sẹ̀, bí ọmọ tuntun!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ilẹ̀ ni ọkùnrin náà ń wò títí ọmọbìnrin náà fi kó bàtà ọmọdé aláwọ̀ dúdú sínú ọ̀rá, tó fi ìbọ̀sẹ̀ kún un kí owó wọn lè bá ti bàtà bàbá dọ́gba.

"Ẹ bá mi kí bàbá. Ẹ ní kí wọ́n má bínú pé a yẹ bàtà wọn wò."

"Wọn ò ní í bínú."

Ó ki ọ̀rá náà bọ abẹ́ ẹ̀wù, ó sì ń sáré lọ sílé.

Nígbà tó fi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n ti kan pósí bàbá wọn pa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì juwọ́ sí i pé kó wá bá àwọn gbé e níbi ẹsẹ̀.