Iná Búlúù Nílé Ìyá Akínlabí

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé ilé Ìyá Akínlabí ní Àgbádárìgì, torí inú òkùnkùn ni àwa oníná ti ń dán iná àpótí tí a ń sin ẹja sí wò. Àpótí gíláàsì rẹ̀ gùn láti ògiri dé ògiri. Akínlabí ló kó iyùn òkun tó ń hù bí igi sínú rẹ̀, kí òkun tó gbé òun náà lọ. A kò rí òkú rẹ̀. Báyìí, àwọn iyùn náà ń kú lọ.

"Ọ̀gá oníná, bí àwọn yìí náà bá lọ, kí ló kù fún mi?"

"Iná búlúù ni oúnjẹ wọn, Màmá."

Mo kọ́kọ́ tan iná funfun láti fi yẹ̀ wọ́n wò. Iyùn dà bí eegun. Gbogbo ẹja kó ara wọn sí igun kan, wọn kò mira. Nǹkan ń kan gíláàsì: kó, kó.

"Ẹ̀rọ omi ni," ni mo wí.

"Mo ti pa ẹ̀rọ omi kí ẹ tó dé."

Mo yára tan búlúù. Iyùn tàn bí ewé tuntun. Àtẹ́lẹwọ́ kan sì hàn lára gíláàsì. Mo fi aṣọ nù ún, kò kúrò. Inú ló wà.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lo funfun."

"Ṣebí ẹ ní búlúù ni oúnjẹ wọn? Àbí ẹ̀rù ń ba ọkùnrin bíi yín?"

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé gíláàsì. "Akínlabí, ṣé èyí lo fẹ́?"

Kíkàn náà dákẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ inú omi rọra sún, títí ó fi kan tìyá náà.