Tiráfíkétọ̀ Ọkọ̀ Bohumil

Ọjọ́ Ajé ni Bohumil bẹ̀rẹ̀ sí í tún tiráfíkétọ̀ ọkọ̀ ológun rẹ̀ ṣe. Ọkọ̀ náà dàgbà ju àkọ́bí rẹ̀ lọ. Ọjọ́bọ̀ ni àyẹ̀wò ọkọ̀. Èyí tí iná rẹ̀ kò bá ṣẹ́jú kò ní gba ìwé, èyí tí kò bá níwèé kò ní bá àwọn ọkọ̀ ológun yòókù gbé òdòdó lọ sí ibojì àwọn ológun lórí òkè lọ́jọ́ Àìkú. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Bohumil ti ń ṣíwájú wọn. Kò sí nǹkan mìíràn tó wù ú mọ́.

Ìbọn ńlá ti gba etí rẹ̀ nígbà tó jẹ́ sójà, kò lè gbọ́ fúláṣà, ohun kékeré tó ń mú iná ṣẹ́jú, bó bá ń dún. Láti ibi tó jókòó, kò lè rí iná kankan. Irin tí wọ́n ń fà fún tiráfíkétọ̀ yẹn kì í sì í dúró, àfi kéèyàn dì í mú. Iṣẹ́ ẹni méjì ni: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Želmíra ìyàwó rẹ̀ ni ẹnìkejì.

Ó pààrọ̀ fúláṣà, ó fa irin náà, ó dì í mú.

“Ìyá, ṣé ó ń ṣẹ́jú?”

Želmíra mi orí. “Rárá, Bàbá.”

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó pààrọ̀ gílóòbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Rárá. Ó rántí ṣíwìṣì ìgbà ogun, èyí tó ń pa gbogbo iná kí ọ̀tá má baà rí wọn, torí òun ni gbogbo awakọ̀ ológun máa ń gbàgbé. Ó wò ó, ó wà níbi tó yẹ. Ó ní ọ̀dà tuntun ni kò jẹ́ kí wáyà fara kan ara ọkọ̀. Ó fi sáńpépà ha á títí ìka rẹ̀ fi bó. Rárá náà ni.

Cyprián aládùúgbò wọn yọjú lórí ọgbà, ó ní kó máa na ọwọ́ síta lójú fèrèsé bíi bàbá rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin.

“Kí ló wí?” Bohumil bi ìyàwó rẹ̀.

“Ó ní o kú iṣẹ́.”

Lásìkò Àjíǹde, òòyì ti kọ́ Bohumil lójú ọ̀nà òkè yẹn, ọkọ̀ sì wọ kòtò. Dókítà ní kó má wakọ̀ mọ́. Bohumil ní ikọ́ nìkan ni dókítà yẹn mọ̀. Želmíra bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí adití bá ti gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Lọ́jọ́rú, ó ní kí ìyàwó òun wọ iwájú, kí òun fojú ara òun rí i. Želmíra jókòó, ó gbé ọwọ́ lé irin tiráfíkétọ̀ náà. Bohumil bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó tẹjú mọ́ iná títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò rí nǹkan kan.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó jókòó lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀. Haluški, oúnjẹ ànàmọ́ tí Želmíra sè fún un, tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní kí Želmíra bá òun pe àwọn tí wọ́n jọ ń gbé òdòdó náà, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò ṣíwájú.

“Iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ mi, Ìyá.”

Želmíra pè wọ́n. Lẹ́yìn náà ó bu omi gbígbóná, ó bá a fọ gíríìsì kúrò lọ́wọ́.

Láti Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tó pààrọ̀ fúláṣà yẹn, ni iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń ṣẹ́jú dáadáa. Nígbà tí Želmíra wà lẹ́yìn, ó ń mi orí, nígbà tó wà níwájú, ó kàn gbé ọwọ́ lé irin náà ni, kò fà á.