Àwọ̀ Ẹ̀jẹ̀ Mosúnmọ́lá Lára Ògiri

Kí oòrùn tó yọ tán lójú ọ̀sà, Mosúnmọ́lá ti fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri yàrá. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje. Ògiri ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bó ti máa ń ṣe láràárọ̀, àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà sì yọ díẹ̀díẹ̀ lára ògiri náà bí òdòdó tó ń là. Ó pọ́n, ṣùgbọ́n kò tíì pọ́n tó.

Ẹ̀jẹ̀ kò tó lára ìyá rẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí. Òun náà sì ti gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lánàá. Ó da hóró méjì sọ́wọ́ láti inú ìgò oògùn náà.

Ògiri sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

"Ẹ dá ọ̀kan padà, mà. A kì í pa tàná pọ̀ mọ́ tòní. Bó bá pọ̀ jù, májèlé ni."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Mo mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ yín ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀."

Ó dá ọ̀kan padà, ó gbé ìgò náà sókè níbi tí ọwọ́ Ìtùnú, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì, kò lè dé. Ọkọ rẹ̀ gbé tíì wọlé.

"Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sán, Bàbá Ìtùnú. Tíì kì í jẹ́ kí oògùn yìí ṣiṣẹ́. Ẹ bá mi fún ọsàn."

Ó fi omi ọsàn gbé hóró kan mì.

Nígbà tó yá, ó gun àtẹ̀gùn lọ sórí òrùlé láti wo àwọn oko tó léfòó lójú omi. Ó ti dé òkè kó tó fura pé, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta, òun kò dúró sinmi lọ́nà.