Eérú Nínú Ìkòkò Aró Ṣìkẹ́mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé ìlà tó kẹ́yìn kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Aunty Bọ́sẹ̀, olórí akọrin ìjọ kan ní Riverdale lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, ba aṣọ akọrin méjìlá jẹ́. Ní Sunday, ó gba máìkì, ó sọ fún gbogbo ìjọ pé Ṣìkẹ́mi ló bà wọ́n jẹ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, èèyàn mẹ́ta ti wá kó aṣọ wọn kúrò lọ́dọ̀ Ṣìkẹ́mi, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aró nínú gáréèjì ìyá rẹ̀ ní Ellenwood. Iṣẹ́ tó fẹ́ fi jẹun nìyẹn. Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

1.
Ní Saturday, Ṣìkẹ́mi gbé ìkòkò ńlá kaná. Pólíésítà ni aṣọ akọrin náà, kì í ṣe òwú. Aró pólíésítà ń fẹ́ omi tó ń hó, tó sì kan díẹ̀, nítorí náà ó da fínígà, omi kíkan, sí i. Ó ti ìwé pélébé bọ̀ ọ́, irú èyí tó ń pọ́n bí omi bá kan, tó sì ń di búlúù bí kò bá kan. Ìwé náà pọ́n: omi náà kan dáadáa.

Aunty Bọ́sẹ̀ wọlé wá wo aṣọ akọrin rẹ̀, ó fọwọ́ dí imú.

"Ṣìkẹ́mi, ṣé aṣọ lò ń rẹ ni, àbí salad lò ń ṣe?"

"Fínígà ni, Aunty. Bí omi ò bá kan, aró yìí á bàjẹ́."

"Ìyá ìyá mi rẹ aró ní Abẹ́òkúta fún ogójì ọdún. Eérú ni wọ́n ń lò."

"Aró ẹlú nìyẹn, ma, òwú sì ni aṣọ wọn. Èyí yàtọ̀."

"Ọmọ tí wọ́n bí sí Atlanta fẹ́ kọ́ ọmọ Abẹ́òkúta ní aró." Aunty rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

2.
Ṣìkẹ́mi wọlé lọ jẹun. Aunty yọ ike omi eérú kan nínú báàgì rẹ̀, ó dà á sínú ìkòkò tán pátá. Nígbà tí Ṣìkẹ́mi padà dé, Aunty jókòó jẹ́ẹ́, ó ń kọ orin ìyìn. Ṣìkẹ́mi ò tún yẹ omi wò mọ́, ó kàn kó aṣọ sí i. Àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn.

Aṣọ tó yẹ kó jẹ́ elésè àlùkò jáde ní àbàwọ́n àbàwọ́n, bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbàgbé sórí iná.

3.
Ní Monday, pásítọ̀ pè wọ́n. Ṣìkẹ́mi gbé ìyókù omi ìkòkò dání. Ó ti ìwé bọ̀ ọ́, ìwé di búlúù.

"Omi tó ní fínígà kì í ṣe báyìí, sà. Nǹkan kan ti pa kíkan rẹ̀."

Uncle Láńrewájú, ọkọ Aunty, gbọn aṣọ kan wò. Èédú kékeré kan bọ́ sílẹ̀ láti inú apá aṣọ náà. Uncle mú un, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Bọ́sẹ̀, ibi tí mo ti ń yan ẹran lèyí ti wá. Ṣebí o ní ìdí tòmátì lo fẹ́ da eérú yẹn sí?"

Aunty ń wo òrùlé.

"Tòmátì wo ló ń wọ aṣọ akọrin?" Uncle tún bi í.

Pásítọ̀ wúkọ́. "Ọmọ mi, jẹ́ ká fi bò. Ọlọ́run mọ̀."

"Ọlọ́run mọ̀, sà. Ìjọ ni ò mọ̀."

4.
Ṣìkẹ́mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní òun á tún aṣọ méjèèjìlá rẹ ní dúdú, kí àbàwọ́n lè bò. Ṣùgbọ́n òun ò ní dáná àfi bí Aunty bá sọ òtítọ́ lórí máìkì tó fi purọ́. Ó gbé fínígà sórí tábìlì, ó ń dúró de Sunday.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má fi ọjọ́ orí dí ẹnu ọmọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má sì di ẹ̀bi yín rù ú. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.