Ìbọn tí Bàbá fún Ẹ̀gbọ́n

Atúnbọnṣe gé orí sípíríǹgì ìbọn afẹ́fẹ́ náà kúrò, kí agbára rẹ̀ lè dín, kí ó má wúlò mọ́. Òun ló ń nù ún fún bàbá wọn láti kékeré, síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni bàbá fi í sílẹ̀ fún. Owú ń jẹ ẹ́ lọ́kàn bí ó ti ń tò ó padà.

“Ẹ dán an wò, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ẹ̀gbọ́n yìn ín sí agolo orí odi. Agolo fò lọ.

“Ọwọ́ ẹ mà dáa o! Tẹ́lẹ̀, ṣe ló máa ń ta mí nípàá, ọta á gba ibòmíì lọ.”

“Agbára ẹ̀ ló pọ̀ jù,” ni àbúrò fèsì wúyẹ́wúyẹ́.

Ẹ̀gbọ́n gbé ìbọn kọ́ èjìká. “Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé bí ọta ẹ̀ bá tún ṣìnà lónìí, ìwọ ni màá fún.”