Iná Pupa Tí Dókítà Rédíò Pa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ka ìtàn yìí parí, pàápàá ẹ̀yin tí ìyá yín ń retí yín níbì kan.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń tún rédíò ṣe. Ó mọ iṣẹ́ náà débi pé Dókítà Rédíò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyá rẹ̀ ń gbé ìlú mìíràn, ìrìn wákàtí mẹ́ta péré, bọ́ọ̀sì sì ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Síbẹ̀, ọdún mẹ́rin ni kò fi fojú kan ìyá. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn rẹ̀ o. Ó ti lérí nígbà tó ń kúrò nílé pé mọ́tò òun fúnra òun lòun máa gbé padà wá.

Lọ́jọ́ kan, ìyá pè é lórí fóònù.

"Ọmọ mi, ojú ọ̀tún ti lọ. Dókítà ojú ní ti òsì náà ò ní pẹ́ tẹ̀ lé e, kò sì sóhun táwọn lè ṣe sí i mọ́. Wá jẹ́ kí n rí ẹ kó tó ṣú."

"Màmá, mò ń bọ̀. Inú mọ́tò mi lẹ máa rí mi tí mo ti ń bọ́ sílẹ̀."

"Mọ́tò kẹ̀? Ojú ẹ ni mo ní mo fẹ́ rí."

Gbólóhùn yẹn kò wọ̀ ọ́ létí. Ó lọ ra mọ́tò àlòkù kan, aláwọ̀ ewé, tó dàgbà ju ìgbéyàwó rẹ̀ lọ.

2.
Ẹ mọ bí mọ́tò àgbà ṣe máa ń rí: lónìí ó gbà, lọ́la ó kọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, kò stáàtì. Dókítà Rédíò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí i pé nǹkan funfun kan ti hù sórí bátìrì níbi tí wáyà ti so mọ́ ọn. Ó da omi gbígbóná sí i, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ó dè é le, mọ́tò sì dáhùn. Lọ́jọ́ kejì, fèrè kò dún. Wáyà kan ló já, ó fi òjé jó o pọ̀. Bí orí rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wú nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta ni iná pupa kékeré kan tàn níwájú rẹ̀, èyí tó ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù. Ìyàwó rẹ̀ fà á lọ sọ́dọ̀ Bàbá Sípánà, àgbà mẹ́káníìkì kan. Bàbá fẹ̀yìn lélẹ̀, ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó fi ìka kan ibi tí omi ti ń kán.

"Pọ́ọ̀ǹpù omi ẹ ló ń jò. Omi tó yẹ kó máa tu ẹ́ńjìnnì lára, ilẹ̀ ló ń mu ún. Fi í sílẹ̀ fún mi fọ́jọ́ mẹ́ta, kí n pààrọ̀ ẹ̀."

"Ẹ má bínú, Bàbá, ọ̀la ni mò ń lọ sọ́dọ̀ màmá mi. Iná yẹn gan-an ló ń purọ́. Wáyà ẹ̀ ló ń kan irin. Iṣẹ́ mi nìyẹn."

"Iná yẹn kì í ṣàdéédé tàn, ọmọ mi."

"Nínú rédíò, ó máa ń ṣàdéédé tàn, Bàbá."

Ìyàwó rẹ̀ pòṣé. "Wọ́n ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú! Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká fi mọ́tò sílẹ̀, ká wọ bọ́ọ̀sì lọ."

"Bọ́ọ̀sì? Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin?"

Nígbà tí wọ́n délé, ó tú iwájú mọ́tò, ó gé wáyà iná náà. Iná pupa kú. Inú rẹ̀ dùn, ó ń súfèé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé ẹ rí i? Ó tún iná ṣe, kò tún ohun tí iná ń sọ ṣe.

3.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bí wọ́n ṣe ń jáde, ìyá pè.

"Mo ti wẹ̀, mo ti jókòó síwájú ilé. Àwọ̀ wo ni mọ́tò ẹ?"

"Àwọ̀ ewé ni, màmá."

"Ó dáa. Mo ṣì lè mọ àwọ̀ ewé."

Ní gbogbo ojú ọ̀nà, bí ìyá ṣe máa dìde, tó máa fi ọwọ́ bo oòrùn kó lè rí i dáadáa, ni Dókítà Rédíò ń rò. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì ọ̀nà, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀. Òórùn ohun gbígbóná kún inú rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ dúró!"

"Òkè tó ń gùn ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Kò tíì pa ẹnu dé tí èéfín fi bo gíláàsì. Mọ́tò han gooro, ó sì kú. Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ dá bọ́ọ̀sì kan dúró. Ìlú ìyá ló ń lọ, àyè méjì sì wà nínú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ. Màmá ti jókòó!"

Ọkùnrin náà wo bọ́ọ̀sì, ó wo mọ́tò rẹ̀. "Kí n bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì níwájú màmá? Rárá. A máa tún un ṣe, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa lọ."

Bọ́ọ̀sì lọ. Ọkọ̀ mìíràn ló wọ́ wọn padà sílé. Ojú ti ọkùnrin náà, kò pe ìyá títí ilẹ̀ fi ṣú.

4.
Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ti wọ́n, Bàbá Sípánà wá a títí. Ìyá kò béèrè mọ́ pé ọjọ́ wo. Àárò rẹ̀ wá ń sọ Dókítà Rédíò débi pé kò lè jókòó ti rédíò kankan. Níkẹyìn, ó wọ bọ́ọ̀sì.

Inú yàrá ló ti bá ìyá, ó kọjú sí ògiri.

"Màmá, èmi nìyí."

Ìyá na ọwọ́. Ó fi ìka wá iwájú orí rẹ̀, imú rẹ̀, àti àpá tó wà ní àgbọ̀n rẹ̀ láti kékeré.

"Ìwọ ni. O ti rù." "Lọ́jọ́ yẹn, mo jókòó títí oòrùn fi wọ̀. Mọ́tò aláwọ̀ ewé mẹ́ta ló kọjá. Mo dìde fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ojú mi ṣì ń ríran nígbà yẹn."

Omijé bọ́ lójú ọmọ, ó bọ́ sí ìyá lọ́wọ́.

"Kí lo wá wọ̀ wá?"

"Bọ́ọ̀sì ni, màmá."

"Ṣé bọ́ọ̀sì ti ń wá síbí nígbà yẹn náà?"

"Ó ń wá, màmá. Láràárọ̀ ni."

Ìyá kò gbé ọwọ́ kúrò lójú ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí iná pupa bá tàn nínú mọ́tò yín, ẹ má pa iná, ẹ wá ohun tó fà á. Bí onímọ̀ bá sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́. Bí ẹni tó bí yín bá sì ní òun fẹ́ rí yín, ẹ má dúró de mọ́tò, ẹ má dúró de ohun tí ẹ máa fi ṣe fáàrí. Ẹ dìde lónìí. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn: gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.