Ìbéèrè Màámi

Kámẹ́rà àtijọ́ ni a fi ya fídíò Màámi kí wọ́n tó kú. Tinúadé, àbúrò mi, pè mí láti Ṣakí: "Bọ̀ọ̀dá mi, kò ṣí lórí fóònù mi o. Ẹ bá mi yí i padà, ó wù mí kí n gbọ́ ohùn wọn."

Mo wá ìkànnì kan tó ń yí fídíò sí MP4 tí fóònù lè gbé. Ilẹ̀ ti ṣú, èmi nìkan ni mo sì wà nílé. Mo fi fídíò náà síbẹ̀, ó yí i, ó dá a padà.

Mo ṣí i. Màámi jókòó sórí àga wọn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n gbójú sókè.

"Àlàmú, ṣé o ti jẹun?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, kò sẹ́ni tó pè mí ní Àlàmú mọ́. N kò tilẹ̀ rò ó kí n tó dáhùn: "Mo ti jẹun, mà." Bí mo ṣe máa ń purọ́ fún wọn náà nìyẹn.

Nínú fídíò náà, ibí yìí ni wọ́n ti máa ń rẹ́rìn-ín. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n jáde kúrò nínú àwòrán. Ó ku àga nìkan.

Ní ilé ìdáná mi, ẹnì kan ṣí ìdérí ìkòkò.

"Irọ́ ni, Àlàmú. Ìkòkò yìí gbẹ."